Ẹbìtì tí Kì í Pa Ẹran

Bí a bá ń ka ìjálá nínú kíláàsì, tí a sì dé orí oríkì ẹtu, mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bóyá ẹnì kan nínú wọn ti fojú kan ẹtu rí. Nígbà tí mo béèrè kẹ́yìn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó nawọ́ sókè, ẹtù ni ó sì ní lọ́kàn, ẹyẹ tí àwa kan ń pè ní awó. N kò bá a wí. Ẹni tí kò rí ẹran rí, kí ni yóò fi di ohùn orúkọ rẹ̀ mú? Nígbà tí mo délé ni mo wá bi ara mi pé, ìwọ olùkọ́ ńkọ́? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti rí ẹtu láàyè. Inú àwo ọbẹ̀ nìkan ni a tún ti ń pàdé.

Àbúrò ìyá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Ó ti gbé ìbọn kọ́ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò yé sọ fún wa pé ẹtu ṣì ń wá mu omi ní odò kékeré tí ó wà nínú igbó ẹbí wa, ní ìpẹ̀kun oko kòkó tí a ní ní ìhà gúúsù Ilé-Ifẹ̀. Igbó náà kò tóbi. Àwọn agégẹdú ti wá fi owó lọ̀ wá lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹbí sì ti gbà pé kí a tà á, nítorí wọ́n ní kò sí ohun tí ó kù níbẹ̀ ju ejò àti ẹ̀fọn lọ. Nígbà tí Bàbá Ọdẹ dárúkọ ẹtu ní ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa rẹ́rìn-ín, ó ní ojú tí kò rí kòkó lórí igi mọ́, ṣé ẹtu ni yóò rí? Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ títa igbó lọ.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí ń wá kámẹ́rà inú igbó, èyí tí a ń so mọ́ ara igi kí ó máa yàwòrán ẹran fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. George Shiras, ará Amẹ́ríkà kan, ti ń ta okùn sójú ọ̀nà àwọn ẹran kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Ẹran tí ó bá fa okùn náà ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tan iná tí a ó fi yà á. Ìwé ìròyìn National Geographic gbé àwọn àwòrán rẹ̀ jáde ní oṣù Keje ọdún 1906. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dẹ ẹbìtì rí yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò ju 60 dọ́là lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń bọ̀ láti Houston ni yóò sì bá mi rà á. Díẹ̀ ni ó kù kí n ra èyí tí iye megapixel rẹ̀ pọ̀ jù lọ, bí ẹni ń ra iṣu tí ó ń wo gígùn rẹ̀ nìkan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni ó gbà mí. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú iye gàgàrà tí wọ́n ń kọ sára páálí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ ni ó kàn fẹ àwòrán kékeré lójú. Kí n kọ́kọ́ wo bí ó ti yá tó. Bí ẹran bá kọjá, ó yẹ kí ó ti yà á kí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Èyí tí ó bá lọ́ra, ìrù ni yóò máa yà fún ọ. Lẹ́yìn náà, iná òru. Ti ọ̀kan máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyin iná. Èkejì kò ṣeé rí rárá, ṣùgbọ́n kì í tàn jìnnà, àwòrán rẹ̀ a sì ṣókùnkùn díẹ̀. Èyí tí kò ṣeé rí ni mo mú, kì í ṣe nítorí ẹran, bí kò ṣe nítorí ènìyàn. Ẹni tí ó bá rí iná pupa lára igi lóru kò ní fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tí mo ti fi ahun ba nǹkan jẹ́ ni bátìrì. Mẹ́jọ ni ẹ̀rọ náà ń lò, mo sì ra olówó pọ́ọ́kú létí títì. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Nínú àwòrán 1,312 tí ó yà kí ó tó kú, ewé kókò ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìgbóná ni ẹ̀rọ yìí fi ń mọ ẹran. Ewé tí oòrùn ti yá bá mì níwájú rẹ̀, ẹran ni ó pè é. Bí ọ̀sán bá sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí igbó gbóná tó ara ẹran, ẹran a kọjá, kò ní mọ̀. Èmi ni mo kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn, tí n kò sì ro abẹ́ rẹ̀.

Nígbà kejì, bátìrì lithium tòótọ́ ni mo rà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó ìdajì owó ẹ̀rọ. Mo sì mú Bàbá Ọdẹ dání. Kò wo ẹ̀rọ náà rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wá ilẹ̀ kiri, ó fi ọwọ́ tọ́ ojú ẹsẹ̀ kan tí èmi tí mo wọ jígí kò rí, ó gbóòórùn ìgbẹ́ ẹran, ó ní, "Àkànní, ibí. Kí ó má ga ju orúnkún rẹ lọ. Ẹtu kì í ṣe ẹfọ̀n." A kọjú rẹ̀ sí àríwá, a gé koríko iwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkété wà nínú káàdì náà, òòrẹ̀ wà, ẹ̀ta wà. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún òru, ẹtu kan dúró létí odò, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó kọ etí sí ọ̀dọ̀ wa. N kò mọ̀ pé mo ti ń sunkún.

Mo gbé e fún Bàbá Ọdẹ, ó sún un mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi kàn án. Mo ní, "Bàbá, ẹ ó fi èyí pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní ìpàdé." Ó dákẹ́ pẹ́.

Ó ní, "Ta ni o fẹ́ fi hàn? Àwọn tí wọ́n ní kò sí ẹtu kò wá a. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ó wà, tí wọ́n sì mọ ojú omi rẹ̀, ṣé yóò rí ọ̀sẹ̀ kan sí i? Èmi náà ti jẹ́ ọ̀dọ́ rí."

N kò ní èsì. Ẹ̀rọ tí mo rà láti fi gba igbó náà sílẹ̀ ni yóò júwe ọ̀nà fún ìbọn.

Ní ìpàdé, ẹ̀ta ni mo fi hàn wọ́n, àti òòrẹ̀. Ẹnu ya àwọn kan. Àwọn mìíràn béèrè èló ni awọ ẹ̀ta. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ títa náà síwájú di ìgbà tí a bá kórè kòkó tán. Ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín níjọ́sí tún yíjú sí Bàbá Ọdẹ, ó ní ẹtu tí ẹ wí dà? Bàbá Ọdẹ ní bóyá ojú òun ni kò dára mọ́ lóòótọ́.