Olùkọ́bìnrin Tó Wàásù Káàkiri Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí ọ̀nà bá gbé yín dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má kàn ra gaàrí kí ẹ padà. Ẹ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìtalupe. Ìjọ Áńgílíkà ni, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni orísun odò tí àwa náà ń mu.

Ní ọdún 1918, ẹni tí ń tọ́jú ilé ìsìn náà, Daddy Ali, lá àlá pé ìjọ pín sí méjì: apá tó pọ̀ wà nínú òkùnkùn, apá kékeré tí ń gbàdúrà wà nínú ìmọ́lẹ̀. Òun, Joseph Ṣadare alágbẹ̀dẹ wúrà, àti àwọn mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń jẹ́.

Ọdún náà gan-an ni àjàkálẹ̀ àrùn infúlúẹ́ńsà ti inú ọkọ̀ òkun wọ Èkó, tí ó sì dé Ìjẹ̀bú. Ó mú ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sófíà Ọdúnlámì. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló sọ fún òun pé omi òjò ni kí àwọn ènìyàn lò, kí wọ́n pa òògùn tì. Ó gbé iṣẹ́ náà kiri àwọn ìlú Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn náà ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Ṣadare. Obìnrin ni o, nígbà tí obìnrin kì í gun àga ìwàásù!

Ẹnìkan á ní, “Pásítọ̀, ṣé kí a má lọ sí ilé ìwòsàn mọ́ ni?” N kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ibà bá mú ọmọ yín, ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ sì máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní 1918, àwọn dókítà òyìnbó pàápàá kò ní òògùn tó ń wo infúlúẹ́ńsà.

Ọ̀rọ̀ òògùn nìkan kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò fẹ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ mọ́, irú ọ̀rọ̀ tó da ọkàn Menno Simons láàmú ní Netherlands títí ó fi fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀ ní 1536. Ní 1922, Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones ta ko wọ́n. Ṣadare fi ipò rẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, ọmọ àwọn mìíràn sì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ará Ìjẹ̀bú!

Ní oṣù keje 1930, Ṣadare wà lára àwọn olórí tó pàdé ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ Babalọlá. Mo ti dárúkọ Sófíà fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú, wọn kò gbọ́ ọ rí.