Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Nínú gírámà èdè Tàmílù tí wọ́n ń sọ ní gúúsù Íńdíà, ìsọ̀rí méjì ni ọ̀rọ̀-orúkọ pín sí. Ènìyàn àti òrìṣà wà nínú ìsọ̀rí tó ga. Ẹranko àti ohun tí kò ní ẹ̀mí wà nínú èyí tí kò ga. Ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn gbólóhùn, tí àfòmọ́ ìparí rẹ̀ yóò sì fi ìsọ̀rí olùwà hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ère òrìṣà gbọ́dọ̀ pinnu, kí gbólóhùn rẹ̀ tó parí, bóyá ẹni ni tàbí nǹkan.

Ìpinnu yìí ṣòro lórí àwọn ère idẹ kéékèèké tí a rọ ní ayé àwọn ọba Chola, tí wọ́n jọba ní ilẹ̀ Tàmílù láti nǹkan bí 850 sí 1279. Òkúta ni èyí tó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún tẹ́mpìlì. Kò ṣe é gbé, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń gbà láàyè láti wọlé tọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí a fi rọ ti idẹ, kí òrìṣà lè jáde lọ́jọ́ ọdún lọ bá àwọn tí kò lè wá bá a. Ọ̀pọ̀ wọn kò ga tó mítà kan, ihò tàbí òrùka sì wà ní ìdí wọn fún ọ̀pá tí a fi ń rù wọ́n.

Oníṣẹ́ ọnà yóò kọ́kọ́ fi ìda tí a pò mọ́ oje igi mọ ère náà, yóò fi amọ̀ bò ó, yóò sì fi iná yọ́ ìda náà jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni yóò da idẹ yíyọ́ sí. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó rọ orí idẹ Ifẹ̀. Nígbà tí a bá fọ́ amọ̀ náà, a kò lè fi rọ èkejì mọ́. Síbẹ̀, idẹ lásán ló ṣì jẹ́. Ìgbà tí a bá fi ètùtù la ojú rẹ̀ ni ó di ẹni. Láti ọjọ́ náà ni a ó ti máa fi wàrà wẹ̀ ẹ́, tí a ó máa wọ̀ ọ́ láṣọ, tí a ó sì máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ojú àwọn mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nítorí ọwọ́ tó ti ń wẹ̀ wọ́n láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún.

Ní 1976, alágbàṣe kan hú ère Nataraja, Ọba Ijó, jáde nínú ilẹ̀ ní abúlé Pathur. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ìbéèrè gírámà náà tún yọjú: ta ni a jà lólè? Ní 1991, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ gbà pé tẹ́mpìlì Pathur, bó tilẹ̀ ti di àlàpà, lè tipasẹ̀ aṣojú rẹ̀ pẹjọ́ kí ó sì gba Nataraja padà. Ní 2014 bákan náà, Ọsirélíà dá Nataraja ti Sripuranthan, tí National Gallery of Australia rà ní 2008, padà fún Íńdíà.

Ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú dídélé. Ní ìlú Tiruvarur, ilé ìpamọ́ kan wà tí a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère tẹ́mpìlì sí nítorí olè. Àwọn kan ń jáde lọ sí tẹ́mpìlì wọn lọ́jọ́ ọdún, wọ́n sì ń padà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn títì.

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ń bá a pè é. Oníṣòwò pè é ní ọjà, ó dá iye lé e. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pè é ní iṣẹ́ ọnà, ó gbé e sẹ́yìn gíláàsì láìwọṣọ. Ìjọba pè é ní dúkìá, ó tì í mọ́lé kó má baà sọnù. Àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́ nìkan ni wọ́n ṣì ń fi àfòmọ́ ìsọ̀rí tó ga parí gbólóhùn wọn, àwọn gan-an sì ni onígbá.