Kí N Rà Á Ni, Àbí Kí N Tò Ó?

Nígbà tí àjọ kàn mí lọ́dún yìí, ìbéèrè kan gbà mí lọ́kàn: ṣé kí n ra kọ̀ǹpútà géèmù tí a ti tò tán, àbí kí n ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ìyàwó mi kò lòdì sí i. Ohun tó sọ ni pé owó ilé kò gbọdọ̀ bá eré lọ.

Àtòtán ní ìrọ̀rùn, nítorí ẹnìkan ṣoṣo ni a ó bá sọ̀rọ̀ bó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó ní láti mọ ohun tó bára mu: motherboard AM5 ti AMD kì í gba RAM mìíràn àfi DDR5.

Títò ni mo yàn. Ryzen 5 7600 tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀; nítorí náà, káàdì ńlá lè dúró de àjọ tó ń bọ̀. Géèmù kéékèèké ni mo ń ta báyìí, owó ilé sì pé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.