Sonic Nínú Ọkọ̀: Ẹ̀dá Ìtàn tí Wọ́n Gba Ẹsẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Láàárín gbogbo géèmù tí wọ́n fi orúkọ Sonic pè, ọ̀kan wà tí mo máa ń lò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìfìwàwẹ̀dá. Sonic Drift ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sega ni ó gbé e jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù ní oṣù kẹta ọdún 1994, fún Game Gear, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì mú bí ẹni mú ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò máa bèèrè pé kí ni ó pa èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ géèmù. Ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Ẹranko aláwọ̀ búlúù kan ni Sonic, ẹlẹ́gùn-ún lára bí òòrẹ̀. Ọdún 1991 ni géèmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Eré sísá ni ó yà á sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sì fi ń sá a. A máa yí gbirigbiri bí bọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè; a máa gba ojú ọ̀nà tí ó ká róbótó bí òrùka kọjá, tí yóò dorí kodò tí kò ní jábọ́. Bí ó bá wọ inú omi ni eré rẹ̀ máa ń falẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àyà sì ti ń já ẹni tí ó ń gbá géèmù náà, nítorí pé bí Sonic kò bá tètè rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú. Bí a bá ní kí a kì í ní oríkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a óò fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1992, Nintendo, tí í ṣe abánidíje Sega nígbà náà, gbé Super Mario Kart jáde, ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Mario kì í ṣe sárésáré. Fífò ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó sínú ọkọ̀ kékeré, ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Sonic náà bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ọkọ̀ lọ, kí ni ó ń wá nínú ọkọ̀? Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Táyà ni Sega wò kí ó tó sọ èyí lórúkọ, nítorí pé bí ọkọ̀ ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ ní kọ́nà ni ọ̀rọ̀ náà “drift” ń tọ́ka sí.

Inú àkójọ Sonic Origins Plus, tí ó jáde ní ọdún 2023 pẹ̀lú géèmù Game Gear 12 nínú rẹ̀, ni èmi àti àbíkẹ́yìn mi ti gbá a. Awakọ̀ 4 péré ni ó wà níbẹ̀: Sonic, Tails, Amy àti Eggman. Ojú ọ̀nà ìdíje jẹ́ 18, ṣùgbọ́n ibi 6 láti inú géèmù ti ọdún 1991 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta-mẹ́ta. Ibi olómi tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà lára wọn, àfi pé ó ti di àwòrán lásán lẹ́yìn títì pẹrẹsẹ. Kò sí ẹni tí yóò kú síbẹ̀. Kọ́nà á yọ sí ni lójijì, ìdíje kan á sì ti parí kí ara ẹni tó móoru. Ojú ẹ̀rọ Game Gear kò ju nǹkan bí ínǹṣì 3 lọ. Bátìrì 6 ni ó sì ń jẹ láàárín wákàtí 3 sí 5. Mo bá àwọn òbí ìgbà náà kẹ́dùn.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ náà ni kò lágbára. Èmi kò gbà. Lórí Game Gear kan náà ni Sonic ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré ní ọdún 1991 àti 1992, ẹni tí ó bá rí i níbẹ̀ yóò sì mọ̀ pé òun ni. Ó jọ pé Sega fúnra rẹ̀ padà mọ̀: nínú Sonic R ti ọdún 1997, ẹsẹ̀ ni Sonic fi bá wọn díje, Amy sì ni ó wa ọkọ̀.

Ìdánwò tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò le. Bí wọ́n bá kọ àlọ́ Ìjàpá tán, mo máa ń ní kí wọ́n pa orúkọ Ìjàpá rẹ́, kí wọ́n fi Ehoro rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n tún un kà. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, kì í ṣe Ìjàpá ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n yá lò. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ni kì í yege. Ẹ yọ Sonic kúrò nínú Sonic Drift, ẹ fi awakọ̀ mìíràn síbẹ̀, ẹ ó rí i pé géèmù náà kò ní yàtọ̀.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ jẹ́ èèwọ̀ o. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ àlọ́ tí Ìjàpá ti ra ọ̀kadà. Ó gbé Ajá, ó ní kí ó di ojú nítorí eruku, ó gbé e yí ọjà kan ṣoṣo po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gba owó ìlú mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fún ọmọ náà ní 17 nínú 20. Àmì ohùn ni ó gba 3 yòókù lọ́wọ́ rẹ̀.