Ó Ṣeé Pín, Ṣùgbọ́n Kí Ló Pín In?

Gbólóhùn kan péré nínú ìtàn ìṣirò ló gba oorun lójú òǹkọ̀wé yìí: ní ọdún 1876, Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ẹ̀rí hàn pé nọ́ńbà ńlá kan ṣeé pín láìṣẹ́kù, àmọ́ kò lè sọ nọ́ńbà tó pín in. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 67, kí ẹ wá yọ 1. Ohun tó kù ni 147,573,952,589,676,412,927. Láti 1644 ni àlùfáà Marin Mersenne ti kà á mọ́ àwọn nọ́ńbà tí nǹkan kan kì í pín láìṣẹ́kù, àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Lucas ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà rẹ̀, bí D. H. Lehmer ṣe tún un ṣe, kò ṣòroó gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká dán 31 wò, ìyẹn 1 tó di ìlọ́po méjì nígbà márùn-ún, tí a yọ 1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ìlọ́po 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Ẹ yọ 2, ó ku 14. Ẹ ṣe 14 bẹ́ẹ̀, ó di 194. Ẹ fi 31 pín in, ó ṣẹ́ ku 8. Ẹ ṣe 8 náà bẹ́ẹ̀, ó di 62, tí 31 pín láìṣẹ́kù. Òdo dé, 31 yege. Tí ẹ bá gbé 2047 gba ọ̀nà kan náà, ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ni, 1736 ló sì máa kù níbi tó yẹ kí òdo wà. Ó ṣeé pín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ 1736 wò tinú tòde, kò ní dárúkọ 23 àti 89 tó pín 2047.

Ibí yìí ni màmá òǹkọ̀wé yìí ti já wọ inú ọ̀rọ̀. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Lálẹ́, wọ́n á da owó ọjà sórí ẹní, wọ́n á kà á, wọ́n á ní, "Owó yìí ò pé." Wọ́n mọ iye kóńgò tó kúrò nínú àpò, ìyẹn ti tó ẹ̀rí. Ta ni kò sanwó? Ta ló gba ṣéńjì jù? Àwọn ọmọ á tún owó náà kà, bóyá á jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́ rí.

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èkíní kò sì gbé èèyàn dé ìdajì èkejì. Ọdún 27 ló wà láàárín méjèèjì lórí nọ́ńbà Lucas. Ní oṣù kẹwàá 1903, Frank Nelson Cole gbé ìdáhùn wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní New York: 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287. Wọ́n ní ó sọ pé ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ni òun fi wá a.

Àlàfo yẹn gan-an ló ń bá wa ṣọ́ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìlànà tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé jáde ní 1977, kọ̀ǹpútà á wá nọ́ńbà ńlá méjì tí kò ṣeé pín, á fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, á sì fi èsì han gbogbo ayé. Méjì tó bí i ni àṣírí. Kò sì tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ẹ mú bírò, kí ẹ fi nọ́ńbà Cole méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀ lórí ìwé. Ẹ lè parí rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú láti padà sẹ́yìn láti orí èsì náà.