Àwa Tí Owó Ọjà Rán Lọ Sílé Ìwé

Ìran wa ti dàgbà dé àga iwájú. Àwa ni wọ́n ń fi ṣe alága ayẹyẹ báyìí, àwa ni wọ́n ń kọ̀wé sí pé kí a wá gbé àmì ẹ̀yẹ lé àwọn obìnrin àdúgbò lọ́wọ́, àwọn tó gbayì nídìí òwò tí wọ́n sì wúlò fún ìlú. Tó bá di oṣù kẹta ọdún, tí gbogbo ayé ń ṣe ọjọ́ àwọn obìnrin, ìwé ìpè a máa wọlé lọ́tùn-ún lósì. A máa ń lọ. A máa ń pàtẹ́wọ́, a sì máa ń jẹ ìrẹsì wọn. Àmọ́ tí méjì nínú wa bá pàdé níta gbọ̀ngàn, níbi tí a ti ń dúró de dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bọ́ lẹ́nu wa: ìyá tó bí mi kì bá ti rí irú èyí gbà láéláé. Ó ṣe tó o. Owó tábìlì ni kò ní.

Ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ mọ ohun tí à ń wí. Nínú ọ̀pọ̀ ayẹyẹ wọ̀nyí, ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí ló ń sanwó ẹ̀yẹ ara rẹ̀. Ojú ewé kìíní lẹ́tà á kí i kú oríire. Ojú ewé kejì á sọ iye tí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá jẹ́, iye tí fọ́tò rẹ̀ yóò gbà nínú ìwé ètò, àti àwọ̀ gèlè tí àwọn èèyàn rẹ̀ yóò wé. Ìyá aláta tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kò sí lára ẹni tí wọ́n ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ irú ẹni tí a jẹ́. Àwa la wà nílé ìwé, àwọn kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní girama, nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986. Náírà já wálẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà pàápàá ni ìjọba ológun ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró, tí bàbá ọ̀pọ̀ nínú wa ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé lọ́sàn-án gangan, tòun ti lẹ́tà lọ́wọ́. Bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí kò rí ohun èlò rà mọ́, bàbá tíṣà tí wọ́n jẹ ní owó oṣù: wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò, wọ́n ń bú ìjọba. Ìgbà yẹn ni àtẹ tí ìyá wa ń pa, tí bàbá ti ń pè ní owó ọbẹ̀ lásán, di òpó ilé. Ẹni tó ń ta ata ní Ọjà Ọba Ìbàdàn, ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Oyíngbò, ẹni tó ń ta aṣọ òkè ní Ọ̀jẹ́. Ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ilé ìwé tí àwa fúnra wa ń lọ, tí a máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí àwọn ẹgbẹ́ wa má baà mọ̀ pé ìyá wa ni.

Torí náà, inú ìsọ̀ la ti kọ́ ìṣirò. Orí àpò gààrí la ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí ìyá á na ọwọ́ sí wa láàrin ìlà kejì sí ìkẹta pé kí a sáré lọ ṣẹ́ owó wá lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́. A mọ kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, a sì mọ èyí tó pé. A mọ oníbàárà tó ń fẹ́ èènì ju ọjà tó rà lọ, a mọ ẹni tí a kì í tà láwìn. A mọ bí ojú ìyá ṣe ń rí lọ́jọ́ tí ọjà kùtà tí ọjọ́ ìdánwò WAEC sì kù sí dẹ̀dẹ̀, torí a mọ̀ pé èsúsú oṣù yẹn kò tíì kàn án, àti pé yóò ní láti bẹ ẹni tó kàn kí wọ́n pààrọ̀. Obìnrin tó gbà láti pààrọ̀ yẹn, tirẹ̀ náà ń bẹ nílé ìwé. Ẹ bi dókítà ìran wa, ẹ bi lọ́yà, ẹ bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi fìlà onígun mẹ́rin ya fọ́tò: ta ló yọ̀ǹda ìgbà rẹ̀ fún ìyá yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún JAMB?

Gbogbo wa mọ Alájọ Ṣómólú. Orí rẹ̀ pé débi pé òun la fi ń ṣàpèjúwe ọmọ tó mọ ìṣirò títí dòní. Kò burú, ó tọ́ sí i. Àwọn obìnrin tó ń dá àjọ fún un lójoojúmọ́ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wọn lowó ti wá, orúkọ wọn kò sí lẹ́nu ẹnì kankan.

Òwò nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe. Ọjà tí a mọ̀ nígbà náà, ìjọba kan ni. Ìyálọ́jà wà lókè, ìyá ẹgbẹ́ aláta wà, ti ẹlẹ́po wà, ti aláṣọ wà, ti ẹlẹ́ja wà, oníkálukú pẹ̀lú akápò àti ẹni tó ń pe ìpàdé. Ẹjọ́ gbèsè tí ì bá lo oṣù mélòó kan ní kóòtù, ìrọ̀lẹ́ kan ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Àwọn ló ń san owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru, àwọn ló ń bẹ onítípà kó da yanrìn sí kòtò ojú ọ̀nà. Bí iná bá jó ìsọ̀, kí àwọn ìjọba tó dé pẹ̀lú oníkámẹ́rà, ẹgbẹ́ ti dá owó, ẹnì kan ti yá ẹni tí iná jó ní ọjà díẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. A mọ àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú tí ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ń ka ìwé yìí.

Kì í ṣe ìran ìyá wa ló dá irú ìjọba ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde ní 1864, ọjà ìbọn àti ẹ̀tù tó pèsè fún àwọn jagunjagun Abẹ́òkúta nínú ogun Dàhòmì ni wọ́n rí kí wọ́n tó fún un lóyè. Ẹ sì wo ohun tí oyè náà jẹ́. Ìyálóde ní àga nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ó ní ọ̀tún, ó ní òsì, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun, owó ibodè tàbí ọjà, ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yẹ nígbà náà jẹ́ iṣẹ́ àti àṣẹ. Tiwa lónìí jẹ́ gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ sí, tí a ń gbé ka orí tẹlifíṣàn.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, orí ìtàgé la ti mọ̀ ọ́n. Eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá la kà ní girama, a kórìíra obìnrin náà dọ́kàn, a sì yọ̀ nígbà tí ó ṣubú. A kò béèrè bí òwò obìnrin kan ṣe tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kò fi lè gbà á láàyè, títí wọ́n fi pa á ní 1874. Ère rẹ̀ ti wà ní Challenge ní Ìbàdàn báyìí. Ẹrú wà nínú ohun tó ń tà, a ò ní torí pé a fẹ́ yẹ́ obìnrin sí ká máa fọ ìyẹn mọ́.

Ẹni tí a ì bá fẹ́ kí wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀ dáadáa ni Alímọ̀tù Pẹlẹwúrà. Ẹja ló ń tà ní ọjà Ẹrẹ́kò nílùú Èkó. Kò mọ̀wé kà, bẹ́ẹ̀ ni òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà obìnrin Èkó, tí olóṣèlú nnì, Herbert Macaulay, pàápàá ń bá gbìmọ̀. Ní 1940, ìjọba àwọn òyìnbó ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ máa san owó orí. Àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀, wọ́n tú jáde, wọ́n lọ bá ìjọba. Ìjọba sún un sí igba pọ́n-ùn, èyí tí kò kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn mọ́. Nígbà ogun Hitler, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen fẹ́ máa dá iye owó lé oúnjẹ tí àwọn obìnrin ń tà. Ó ní òun yóò máa fún Pẹlẹwúrà ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lóṣù bó bá lè bá òun dá wọn lẹ́kun. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nígbà náà! Ó kọ̀. Ó kú ní 1951, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó lónìí kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta yéèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ tó ni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ìyàwó olówó àti tíṣà ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà tó wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wọn ló gbé ìyà tó ń jẹ wọn wọlé, tí ẹgbẹ́ fi yí padà, títí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ní Ìbàdàn, Hùmúání Àlàgá, oníṣòwò aṣọ, ló ṣíwájú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ẹgbẹ́ Isabatudeen tí wọ́n fi dá ilé ìwé girama àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1964. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan wọ aṣọ ilé ìwé náà.

Ó wá ku ohun tí àwa ń ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ wọlé fún wa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa pè ní ẹ̀yẹ ni pé kí ìyá fi ọjà sílẹ̀. Ẹ wá jókòó, Màmá, ẹ ti ṣe tó. A ra tẹlifíṣàn, a gba ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn ìyá kan gbà. Ọ̀pọ̀ bi wá pé ṣé ògiri ni kí àwọn máa wò, wọ́n sì tún padà sí ìsọ̀ ní ọjọ́ tí a kò sí nílé. A rò pé orí kunkun ni. A gbàgbé pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Ìyá Ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń dúró dè wọ́n. Nílé wa, ìyá àgbà àwọn ọmọ ni wọ́n jẹ́.

Àwọn mìíràn kò sì lè padà mọ́, torí ọjà náà kò sí níbẹ̀. Ọjà Téjúoṣó ní Yábàá, nílùú Èkó, jó ní 2007. Nígbà tí wọ́n ṣí tuntun ní 2014, ilé alájà lórí àjà ló dìde, ó rẹwà, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè san. Téjúoṣó nìkan kọ́. Ẹ wọ ọjà tuntun tí wọ́n ń kọ́ káàkiri, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ kò gbé agbọ̀n tòmátì rí. Ta ló ń ru agbọ̀n gun àtẹ̀gùn? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó ló wà fún obìnrin tí yóò wà níbẹ̀ láti ìdájí di alẹ́? Níbo ni abiyamọ ti fẹ́ fún ọmọ lọ́yàn? Ìyá aláta èyíkéyìí ì bá ti sọ gbogbo èyí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ká ní wọ́n pè é sí ìpàdé. Wọn kò pè é. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n á pè é sí gbọ̀ngàn, bó bá lówó tábìlì.

Àwọn wo ni “wọn”? Ní ìgbà Pẹlẹwúrà, òyìnbó ni. Lónìí, àwa ni. Àwa ọmọ ìsọ̀ yìí ni ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀, àwa ni akọ̀wé àgbà, àwa ni kọmíṣánnà, àwa ni alága ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹni tí àmì ẹ̀yẹ tọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ayẹyẹ, ẹ yọ owó tábìlì kúrò, kí ẹ sì fi àwọn ìyá ọjà fúnra wọn sínú ìgbìmọ̀ tí ń yàn. Wọ́n mọ ẹni tó yọ̀ǹda èsúsú rẹ̀ fún ta ni. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ jẹ́ kí ọjà máa yan ìyálọ́jà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwọ ẹgbẹ́ mi tó jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n wó ọjà tàbí kí wọ́n kọ́ ọ, kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn tó wà ní ìpàdé. Bí kò bá sí ọlọ́jà obìnrin kan níbẹ̀, dá ìwé náà padà.