Igun Ilé Ìdáná Kan ní Harehills

Ẹni tó bá fẹ́ gbé jíìgì wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross, kó yáa múra ìdáhùn sílẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan, wọ́n dá ihò kéékèèké sí i lára, wọ́n sì la ojú ọ̀nà tóóró sí i láàárín. Ojú ọ̀nà yẹn ni ráútà, ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń gbẹ́ igi, máa ń tọ̀ tí a bá fẹ́ kí pákó orí kábínẹ́ẹ̀tì méjì pàdé ní igun ilé ìdáná láìsí àlàfo. Baba òyìnbó tó dojú kọ mí wò ó títí a fi kọjá Peterborough. Ní Grantham, kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bi mí bóyá ohun èlò orin ni. Mo ní ó ń kọrin lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jó sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí sí Leeds. Òun àti ọkọ rẹ̀, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, ti to kábínẹ́ẹ̀tì tuntun tán, ó ku pákó orí rẹ̀. Iye tí oníṣẹ́ kan dá lé wọn lórí igun yẹn ló mú kó pariwo lórí fóònù: “Igun kan péré! Ṣé góòlù ni wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ ni?” Èmi ti ṣe irú rẹ̀ nínú ilé tèmi ní Thamesmead, mo bá ní kí wọ́n dúró dè mí.

Ní Ìbàdàn tí a ti wá, táìsì tàbí gíránáìtì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Ní Ìlú Ọba, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ ni ẹ̀rún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi fọ́máíkà bò lójú. Tiwọn nípọn ní mìlímítà 38, ó fẹ̀ ní 600, etí iwájú rẹ̀ sì rí roboto. Etí roboto yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ká ní ó gún ni, èèyàn á kàn ti ọ̀kan mọ́ èkejì, ó parí. Ṣùgbọ́n orí tó tẹ́jú kò lè fara mọ́ etí tó tẹ̀. Àwọn kan á ní kí a dábùú gé méjèèjì láti igun dé igun, bí férémù àwòrán. N kì í fara mọ́ ìyẹn: ojú gígé náà á gùn tó mìlímítà 848, bí ògiri bá sì yẹ̀ díẹ̀, gbogbo gígùn yẹn ló máa lanu. Ohun tí jíìgì ń ṣe ni pé ó ń dábùú gé níwọ̀nba etí roboto nìkan, lẹ́yìn náà ó lọ tààrà.

Láti ibùdókọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì gba Roundhay Road gòkè lọ sí Harehills. Ilé bíríkì pupa ló tò lọ lọ́tùn-ún lósì, ilé tí wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, tí ògiri mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ ti àwọn àti aládùúgbò. Òfin ọdún 1909 ti ní kí wọ́n má kọ́ irú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ Leeds ń kọ́ ọ títí di 1937. Kò sí ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ tí wọ́n bá fọ̀, orí okùn tí wọ́n ta kọjá títì ni wọ́n ń sá a sí. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa wà, nítorí pé ibẹ̀ náà ni a ti máa gé pákó.

Ká tó tan ẹ̀rọ, igun ni a kọ́kọ́ wọ̀n. Mo sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 60 lára ògiri kan, 80 lára èkejì, mo wá na téèpù láti àmì dé àmì. Bí igun bá pé, 100 gééré ni ó yẹ kó jẹ́. Ti ilé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 101.2. Ìyẹn túmọ̀ sí pé igun náà fi díẹ̀ lé ní dígírí 91, bí a bá sì gé pákó bí ẹni pé 90 ni, àlàfo mìlímítà 15 yóò ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bùọ̀dá ní táìsì máa bò ó. Táìsì wo ló nípọn tó bẹ́ẹ̀?

A tún jiyàn lórí èyí tó máa jẹ́ abo. Abo ni pákó tó wọ inú igun pátápátá, tí a gbẹ́ lára. Akọ ni èyí tó forí sọ ọ́. Síǹkì wà lábẹ́ fèrèsé, mo ní kí pákó ibẹ̀ jẹ́ abo kí ojú ìjápọ̀ lè jìnnà sí omi. Bí omi bá wọ inú ẹ̀rún igi yẹn, wíwú ni ó máa wú, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ bẹ ìyá tó ń gbé lódìkejì títì kó bá wa ká aṣọ rẹ̀. Ìyá náà ká a, ó gbé àga síta, ó jókòó wò wá.

Ọbẹ ráútà, ibi tó bá ti jáde ni ó ti máa ń ha fọ́máíkà. Etí roboto tí gbogbo àlejò máa rí ni ó gbọ́dọ̀ ti wọlé, kó jáde sí ìhà ògiri. Ọwọ́ òsì sí ọ̀tún ni a sì ń tì í nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí a fi ń gé ọ̀kan nínú pákó méjèèjì ní ìdojúbolẹ̀. Mo gé abo bí jíìgì ṣe wà. Nígbà tó kan akọ, mo yọ ọ̀kan nínú pẹ́ẹ̀gì tó ń wọ ihò jíìgì, mo yí jíìgì títí ó fi bá igun ògiri tí a ti yà sórí káàdìbóọ̀dù mu, mo fi kíláàǹpù dè é. A kì í gé e já lẹ́ẹ̀kan náà: nǹkan bíi mìlímítà 10 ni ọbẹ ń wọlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà a ó fi ọbẹ gba gbogbo ìjìnlẹ̀ rẹ̀ lọ, ní fífara ti etí jíìgì kejì, kó fá a dán. Eruku rẹ̀ burú. Láìsí ìbòmú, kí èèyàn má dán an wò.

Ìyókù kò le. A fi gọ́ọ̀mù funfun pa ojú ẹ̀rún igi tó ṣí sílẹ̀, a fi gọ́ọ̀mù aláwọ̀ bíi ti fọ́máíkà sí etí òkè, a ti akọ wọlé, Bùọ̀dá sì wọ abẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì lọ fi sípánà fún bóòtù mẹ́ta tó ń fa pákó méjèèjì mọ́ra. Èyí tó wà níwájú ni a kọ́kọ́ fún. Gọ́ọ̀mù tó rú jáde, mo tètè nù ún, torí kì í pẹ́ gbẹ.

Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò gbọdọ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ láti orí iná sórí fọ́máíkà yìí.

“Ìkòkò àmàlà ńkọ́?”

Mo ní ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní kó dìde nílẹ̀, kó lọ ra ohun tí wọ́n ń gbé ìkòkò lé kí ọjà Kirkgate tó tú.